Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń kọ́mọ nílé, báwo lẹ ṣe ń pín ọdún yín? Táìmù-tébù tèmi ti dàrú

Ìyá Télọ̀ Mọ́níyà:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Sẹ̀tẹ́ńbà tó kọjá la mú àwọn ọmọ kúrò nílé ìwé. Èmi àti bàbá wọn gbàdúrà sí i tó ọdún kan gbáko. Owó ilé ìwé wà níbẹ̀ o, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni pé aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ làwọn ọmọ ti ń jáde, lẹ́sìnnì ò ní jẹ́ kí wọ́n dé títí aago márùn-ún, họ́ọ̀mùwọ́ọ̀kì á tún gba ìyókù, tá a bá wá ní ká gbàdúrà alẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn. A wá ní ká kúkú máa kọ́ wọn nílé. Mẹ́ta ló ti ń kàwé nínú wọn, ọmọ ọdún 11, ọmọ ọdún 8 àti ọmọ ọdún 5, èyí tó kéré jù ṣì wà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ibi tí mo ti ṣe é tì rèé. Mo da táìmù-tébù ilé ìwé wọn kọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Aago mẹ́jọ, ásẹ́ńbílì (a tiẹ̀ ń kọ orin orílẹ̀-èdè, ẹ má rín mi). Iṣẹ́jú 40 fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, mo fi alámù fóònù ṣe bẹ́ẹ̀lì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, èyí àgbà ń sunkún lórí fráṣọ̀n, ìkejì wà lábẹ́ tábìlì kò jáde, àbúrò wọn ti mú sísọ́ọ̀sì mi ó ti gé etí léèsì kọ́sítọ́mà, èmi náà sì ń pariwo ju tíṣà tí mo torí ẹ̀ kó wọn kúrò lọ.

Ó wá kù díẹ̀ kí ọdún parí. Télọ̀ ni mí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Nòfẹ́ńbà tí aṣọ Ìkórè bá ti wọlé (Áńgílíkà ni wá) títí di ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì gan-an, mi ò kì í fojú ba oorun. Ọ́gọ́ọ̀sì náà, yúnífọ́ọ̀mù ni, ẹ ò rí ayé lóde, ẹni tó kó ọmọ ẹ̀ kúrò nílé ìwé ló ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún ọmọ ọlọ́mọ. Èkó ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, Fúráìdè ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ wálé. Àwọn ọmọ ní ìdánrawò orin Kárọ̀ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iná ò sì kì í dúró lọ́sàn-án.

Ìbéèrè mi: ṣé ó burú tá ò bá ṣe ìwé rárá ní Dìsẹ́ńbà? Báwo lẹ ṣe ń ṣètò ọdún kó lè rọ̀, kó má sì di pé gbogbo nǹkan tú ká? Ẹ má fi táìmù-tébù míì ránṣẹ́ sí mi ẹ jọ̀ọ́, mo ti ní èyí tó pọ̀. Bí ọdún yín ṣe ń lọ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Ìyá Oníkajú:

Ìyá Télọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo débi alámù yẹn, torí agogo gidi lèmi rà ní tèmi, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbọ̀n, mo gbọ̀n ọ́n fún oṣù méjì kí bàbá wọn tó gbé e pa mọ́. Ọdún keje wa rèé, ọmọ márùn-ún, Ògbómọ̀ṣọ́ la wà, Onítẹ̀bọmi ni wá. Ẹ mú èyí tó bá bá yín mu níbẹ̀.

Wákàtí mẹ́fà ilé ìwé yẹn, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ló gbà á tán o. Tíṣà tó ní ọmọ 40 níwájú, kó tó pe orúkọ tán, kó tó pín ìwé, kó tó la ìjà ẹni méjì, kó tó máàkì, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọmọ tó jókòó ti ìyá ẹ̀ ò nílò gbogbo ìyẹn. Èyí tó jẹ́ ọdún 11 yẹn, wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta tó o, tó bá jókòó dáadáa. Ti ọmọ ọdún 5 ò ju ìdajì wákàtí lọ lọ́dọ̀ mi, ẹ lé e lọ síta kó lọ ṣeré, àmọ́ ẹ gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọdún ìwé tiwa kì í bẹ̀rẹ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Jánúárì ni, ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí oorun àìsùn ọdún tuntun bá ti dá lójú kálukú. Ọyẹ́ ṣì wà nígbà yẹn, ètè ń bẹ́, ọwọ́ ń gan, kò sẹ́ni tó lè di bíírò mú lójú mọ́mọ́, nítorí náà aago mẹ́wàá la ń bẹ̀rẹ̀, ìta la sì ń jókòó sí ká lè máa yá oòrùn. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun, torí òjò ò ní dí wa lọ́wọ́, ara ọmọ sì ti sinmi. Gbogbo ohun tó le ní mátíìsì, Jánúárì sí ìdajì Fẹ́búárì ni mo ń gbé e kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kajú á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé tí kajú bá ti ń já, kò sí àlàyé, oko ni gbogbo ilé ń wà láàárọ̀. Àwọn ọmọ á ṣà á, wọ́n á yọ hóró, wọ́n á sá a, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n. Ọmọ mi kejì ló ń kọ ọ́ sílẹ̀: kílò mélòó, iye tí wọ́n ra kílò kan, owó àpò, owó ọ̀kadà, kí ló kù. Mátíìsì tó ní owó nínú kì í sú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí mo ti jìn sí kòtò. Ọdún àkọ́kọ́, mo ní oko náà ṣáà ni ẹ̀kọ́, mo pa ìwé tì pátápátá láti ìparí Fẹ́búárì títí wọ Méè. Nígbà tá a padà síbẹ̀, ọmọ tó ti ń ṣe pínpín gígùn dáadáa ń wò mí bí ẹni tí mo ń sọ Lárúbáwá fún. Mo sunkún lóòótọ́. Látìgbà yẹn la ti ní ohun tá à ń pè ní ààrò mẹ́ta, torí wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù: Bíbélì àárọ̀, mátíìsì iṣẹ́jú 20, ìwé kíkà sókè iṣẹ́jú 20. Ì báà ṣe oko, ì báà ṣe òjò, ì báà jẹ́ pé àlejò kún ilé, ààrò yẹn ò kí ń yẹ̀. Gbogbo nǹkan tó kù, jógíráfì ni o, ìtàn ni o, àròkọ ni o, wọ́n lè máa lọ kí wọ́n máa bọ̀.

Òjò Épírì sí Júláì ló tún kàn. Ẹni tó bá ń gbé lábẹ́ páànù mọ̀ pé ẹ ò lè pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kó kọ ọ́ tí òjò bá ti ń dà, ẹ ò tiẹ̀ ní gbọ́ ohùn ara yín. Nígbà yẹn la ń kọ̀wé jù, à ń ya àwòrán, a sì ń ṣe sáyẹ́ǹsì. Agolo mílíìkì la gbé sí gbangba tí igi ò ti bò ó, láràárọ̀ ọmọ á fi rúlà wọn omi inú ẹ̀, á kọ ọ́ sára káàdìbọ́ọ̀dù, á wá dà á nù. Nígbà tó fi máa di Júláì wọ́n ti rí i fúnra wọn pé Júnù ju Épírì lọ fíìfíì, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. A sin ìgbín sínú báàfù tó ti lu, ó yé ẹyin, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Àgbàdo tá a gbìn sínú àpò sìmẹ́ǹtì náà, wọ́n ń wọn gíga ẹ̀. Ìtàn Nóà tún máa ń dùn sí i tí òjò bá ń rọ̀, ìyẹn bọ́ sí i láìròtẹ́lẹ̀.

Ọ́gọ́ọ̀sì tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀, a ń ti ìwé. VBS (ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn ọmọdé nígbà ìsinmi) wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin ń lọ káǹpù RA (ẹgbẹ́ ọmọkùnrin Onítẹ̀bọmi), obìnrin ń lọ ti GA (ẹgbẹ́ ọmọbìnrin), wọ́n á lọ kí ìyá àgbà, wọ́n á jẹ iṣu tuntun. Sẹ̀tẹ́ńbà sí Nòfẹ́ńbà ni ìwé ń wọ̀ wọ́n lára jù lọ́dọ̀ mi, ẹ mọ ìdí ẹ̀? Gbogbo ọmọ àdúgbò ti padà sílé ìwé, kò sẹ́ni tó ń fi bọ́ọ̀lù pè wọ́n látojú fèrèsé.

Dìsẹ́ńbà, a ti. Kò burú rárá. Ìwé Lúùkù ní orí 24, orí kan lálẹ́ láti ọjọ́ kìíní, alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ Kérésì lẹ máa parí ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ni yóò kà á, ẹ̀yin ẹ máa rán aṣọ yín lọ, etí yín ṣáà wà níbẹ̀.

Ẹ má da tèmi kọ o, ẹ ò ní kajú. Abẹ́rẹ́ ni kajú tiyín. Jánúárì sí Júláì ni kí ẹ ki ìwé mọ́lẹ̀, Ọ́gọ́ọ̀sì kí ẹ tì í, Sẹ̀tẹ́ńbà àti Ọ́kítóbà kí ẹ padà síbẹ̀, tí Nòfẹ́ńbà bá dé ààrò mẹ́ta nìkan. Fráṣọ̀n tó ń pa ọmọ lẹ́kún yẹn, ẹ gbé ìwé kúrò níwájú ẹ̀, ẹ fún un ní téépù. Yáàdì kan, ínṣì 36. Ìdajì ẹ̀ ńkọ́? Ìdá mẹ́ta ẹ̀ ńkọ́? Kọ́sítọ́mà mú yáàdì márùn-ún wá, búláòsì gba méjì lé ìdajì, ìró gba méjì, mélòó ló ṣẹ́kù fún gèlè? Ẹ máa rí i.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Mo kí yín o ẹ̀yin ọmọ mi. Mo kọ́mọ ní prámárì kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Oníkajú dáa, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n mo ti gba àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé padà sí kíláàsì mi rí, òmíràn nínú wọn mọ Sáàmù lórí ṣùgbọ́n kò mọ táìmúsù ju ti márùn-ún lọ. Àwọn òbí ẹ̀ pè é ní ìgbọ̀kànlé Ọlọ́run. Èmi pè é ní ìwà ọ̀lẹ. Rírọ̀ kò ní ká jókòó tẹtẹrẹ.

Ẹ tún rántí pé òfin UBE ọdún 2004 fi dandan lé e pé kí òbí rí i pé ọmọ parí prámárì àti JSS. Nítorí náà ẹ má tọ́jú ọmọ sílé láìsí ẹ̀rí. Ẹ ra ìwé ńlá kan, ẹ máa kọ déètì àti ohun tẹ́ ẹ ṣe sínú ẹ̀, ì báà jẹ́ ìlà kan. Ẹ kó àwọn ìwé eéṣáásáìsì wọn jọ, ẹ má fi dáná. Ẹ wá iṣẹ́ tí ìjọba là sílẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe pé kí ẹ tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ o, kí ẹ kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kí ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fò.

Èyí tó jẹ́ ọdún 11 nìkan ló ń kọ mí lóminú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún sẹ́yìn láti ibi ìdánwò. WAEC ní ìdánwò fún ẹni tí kò sí nílé ìwé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún wà, ti ìdajì kejì ọdún náà wà. NECO ní tiwọn ní ìparí ọdún. JAMB sì ní kí ọmọ tó ọdún 16 kó tó wọ yunifásítì. Tó bá wá dìgbà yẹn, Nòfẹ́ńbà ìdánwò ò ní mọ̀ pé aṣọ Ìkórè lẹ ń rán.

Ìyá Télọ̀ Mọ́níyà:

Ẹ ṣé gan-an ni sà. Ó bà mí lẹ́rù díẹ̀ ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ. Mi ò ní ìwé tí mò ń kọ nǹkan sí rárá, ìwé ìwọ̀n kọ́sítọ́mà nìkan ni mo ní. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sí lálẹ́ òní.

Ìyá Oníkajú, ti téépù yẹn, mo dán an wò lọ́sàn-án. Mi ò ní sọ pé ó ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò sunkún. Ó ní kí n fún òun ní aṣọ míì kóun wọ̀n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Kent:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ìyá. Èmi wà ní ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ ọ̀hún yàtọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni.

Níbí ní Íńgíláǹdì, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1996, abala keje, ló ní kí òbí rí i pé ọmọ gba ẹ̀kọ́ tó yẹ ẹ́, yálà nílé ìwé tàbí lọ́nà míì. Lẹ́tà kan la kọ sí ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n yọ orúkọ ẹ̀. (Tẹ́ ẹ bá wà ní Scotland, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, tí ọmọ bá ti wà nílé ìwé ìjọba ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ káńsù kí ẹ tó mú un kúrò.) Nígbà tó yá káńsù kọ̀wé pé kí la ń ṣe, mo kọ ojú ìwé méjì sí wọn, mo fi iṣẹ́ ọmọ díẹ̀ kún un, wọ́n ò dà mí láàmú. Wọn ò fi dandan lé e pé ká tẹ̀ lé iṣẹ́ tí ilé ìwé ìjọba ń ṣe.

Ìgbà tiwa, ìmọ́lẹ̀ ló ń darí ẹ̀. Dìsẹ́ńbà, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ oòrùn ti wọ̀, Júnù ẹ̀wẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ oòrùn ṣì ń wò yín lójú. Ọdún àkọ́kọ́ mo ń lo ètò kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí àwọn ọmọ bá parí ìwé ní aago mẹ́ta ààbọ̀ nínú òtútù, kò sí ìta mọ́ láti lọ, gbogbo wa ń bínú síra wa láìmọ ohun tó fà á. Ní báyìí, nígbà òtútù, ìta la kọ́kọ́ ń lọ láàárọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà, ìwé á wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí àga. Nígbà ooru, ìwé àárọ̀ kíákíá, a ti bọ́ síta. Ilé ọnà ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọ̀fẹ́ ni, a lọ wo àwọn iṣẹ́ Ifẹ̀ àti Benin ní British Museum, ọmọ mi ní kí ló dé tí wọ́n wà níbí, mo ní jẹ́ ká dé ilé ná.

Nǹkan kan tó tún bọ́ sí i: màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń kọ́ wọn ní Yorùbá lórí WhatsApp, Bíbélì Yorùbá ni wọ́n ń kà, Sáàmù kọ̀ọ̀kan, tó bá ti kà á lódì màmá á ní "padà sẹ́yìn". Aago wa àti tiwọn dọ́gba nígbà ooru, tó bá di òtútù wọ́n á fi wákàtí kan ṣíwájú. Ọdún tí mo gbàgbé, màmá ti sùn ká tó pè. Ní báyìí, ọjọ́ tí wọ́n bá yí aago padà náà la ń yí ètò ilé padà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, Máàṣì àti Ọ́kítóbà. Mi ò nílò kàlẹ́ńdà míì.

Bàbá Kékeré:

Mò ń ka gbogbo ẹ̀ láti òkè, mo wá rí i pé iṣẹ́ obìnrin nìkan ni gbogbo yín ń sọ. Ìyá Télọ̀, ọkọ yín ńkọ́? Fúráìdè sí Sọ́ńdè pọ̀ o. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ lọ sọ́nà jíjìn, Sátidé àárọ̀ lèmi fi ń kọ́ wọn ní ìtàn àti ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìyàwó mi ò ní í bọ́ sínú yàrá yẹn rárá, oorun ló ń sùn. Sátidé kan a sọ ti Ajayi Crowther, bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn nígbà tó wà ní ọmọdé, bó ṣe dé Sierra Leone, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tó sì wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè tá à ń sọ yìí. Ọmọ mi tó jẹ́ ọdún 9 béèrè pé ṣé ìyá ẹ̀ ń wá a ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo sọ fún un pé ó padà rí ìyá ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló tún wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá ní Abẹ́òkúta. Ẹ ò lè fi alámù ìṣẹ́jú 40 gé irú ìyẹn.

Ní Nòfẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà tí abẹ́rẹ́ bá gbóná, ẹ gbé Sátidé lé e lọ́wọ́ pátápátá. Kó má sọ pé ó rẹ òun o, ó rẹ gbogbo wa.

Ìyá Oníkajú:

@Bàbá Kékeré ẹ bá mi sọ ọ́ sókè kí bàbá tèmi gbọ́ 😂

Ìyá Télọ̀ Mọ́níyà:

Mo ti fi ọ̀rọ̀ Bàbá Kékeré ránṣẹ́ sí i ní Èkó bó ṣe wà. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n má fún òun ní mátíìsì. Ìtàn àti sáyẹ́ǹsì ló mú, agolo òjò náà ó di tiẹ̀ tí Épírì bá dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni n ó máa wọ̀n ọ́n láti Mọ́ńdè sí Tọ́sìdé, mo mọ̀.

Ohun tá a fẹnu kò sí: láti ọ̀la, ààrò mẹ́ta nìkan títí di Kérésì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kí kọ́sítọ́mà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọmọ ọdún 11 ló máa ka Lúùkù fún wa nínú ṣọ́ọ̀bù lálẹ́. Tí ọyẹ́ Jánúárì bá ti dé, a máa wá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, Tíṣà sà, ẹ má ṣèyọnu, mo ti ra ìwé ńlá yẹn.

Mo yọ táìmù-tébù kúrò lára ògiri lẹ́ẹ̀kan, mo sì pa alámù. Èyí tó jẹ́ ọdún 5 wá bá mi, ó ní "Mọ́mì, ṣé wọ́n ti lé wa nílé ìwé yìí náà ni?"